Aṣọ Méje, Àyà Kan

Téèpù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sẹ́ni tó tíì rí ọrùn rẹ̀ rí láìsí téèpù ìwọnra níbẹ̀. Bó ń jẹun, ó wà lọ́rùn. Bó ń gbàdúrà láàárín ìjọ, ó wà lọ́rùn, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì máa ka ínṣì nígbà tó yẹ kí wọ́n dijú. Télọ̀ ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tẹ́ẹ́rẹ́, oníwà pẹ̀lẹ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ ju ibi tí maṣíìnì méjì, tábìlì ìgéṣọ kan àti àga onígi gígùn kan lè gbà.

Ohun kejì tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ ni píìnì. Bó bá ti yọ píìnì lára aṣọ oníbàárà, apá òsì àyà ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ ló ń gún un mọ́, láìwò, bí ẹni ń nu òógùn. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì gún ara rẹ̀ rí.

Ẹni tí Ọlọ́run bá fẹ́ fún lọ́mọ, Ọlọ́run kì í kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ti sùn tó. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Téèpù jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ìyá ọlọ́mọ ní kílíníìkì, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, apẹ̀rẹ̀ kan wà lórí itan rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ náà, ọmọ ọjọ́ mẹ́rìnlá. Òun nìkan ni ọkùnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì, òun nìkan náà ló sì ń tòògbé.

Bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Oyún oṣù mẹ́jọ ni ọmọ náà fi dé, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì fi gbà á. Ọjọ́ márùn-ún ló lò nínú àpótí gíláàsì tí wọ́n ń tẹ́ àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé sí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, wọ́n ní kí ìyá àti ọmọ máa lọ sílé. Wọn ò tíì lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ nílé tí ojú iṣẹ́ abẹ ìyá fi wú, tí ibà sì dé. Wọ́n dá a padà sí wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú egbò, wọn kì í sì í gba ọmọ ọwọ́ láàyè níbẹ̀. Ìyá ìyàwó Téèpù, tí ìbá gba ọmọ, ló wà níbi bẹ́ẹ̀dì tọ̀sán tòru. Kò sẹ́ni tó lè bá a wí. Ọmọ tirẹ̀ náà ni òun ń tọ́jú. Ìyá tó bí Téèpù sì ti lọ sinmi lọ́dọ̀ Olúwa ṣáájú kó tó gbéyàwó. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ku télọ̀ àti ọmọ tó kéré ju ìdajì ṣẹ́ẹ̀tì lọ.

Ká ní kì í ṣe ti píìnì ni, bóyá ọ̀rọ̀ náà ìbá má le tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọmọ náà délé, ṣọ́ọ̀bù ni Téèpù ti sáré wá. Kò dúró bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó gbé e mọ́yà, ọmọ figbe ta. Píìnì ti fà á lẹ́rẹ̀kẹ́. Ilà náà kò gùn ju wóró ìrẹsì lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì tóbi ju orí píìnì náà fúnra rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò bínú. Ó wo àyà ọkọ rẹ̀, ó wo ọmọ, ó sì gba ọmọ rẹ̀ padà. Ká ní ó tilẹ̀ bú u ni, ìbá sàn. Èébú a máa tán nílẹ̀. Ìwò yẹn kò tán.

Láti ọjọ́ náà ni Téèpù kò ti gbé ọmọ mọ́ra mọ́. Bó bá fẹ́ fún un lóúnjẹ, á gbé apẹ̀rẹ̀ sórí tábìlì ìgéṣọ, á fi ọwọ́ kan gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀, á sì máa fi ṣíbí kékeré kán mílíìkì sí i lẹ́nu. Láràárọ̀, á fi téèpù wọ̀n ọ́n: gígùn, àyà, orí. Á kọ ọ́ sínú ìwé ìwọnra rẹ̀, láàárín obìnrin kan tó ń fẹ́ kí wọ́n dín sókòtò kù fún un àti ọ̀gá báǹkì kan tí ikùn rẹ̀ ń tẹ̀ síwájú lọ́dọọdún. Àlejò ló kọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ oníbàárà, nítorí wọn ò tíì sọ ọmọ lórúkọ. Téèpù ìwọnra nìkan ló fi ń kàn án, nítorí téèpù kì í gúnni.

Ara ọmọ náà kàn ń tutù ni. Bí káfíńtà bá rí òtútù, fèrèsé ni yóò lọ kàn. Télọ̀ ni tiwa, ẹ̀wù ló rán. Ó rán ọ̀kan, ara ọmọ kò móoru. Ó rán òmíràn lé e. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé tí à ń wí yìí, méje ló wà lọ́rùn ọmọ.

Nọ́ọ̀sì tó ń wọn ọmọ lọ́jọ́ náà jẹ́ obìnrin sísanra kan tí kò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì, tó ń wo èèyàn láti orí gíláàsì ojú rẹ̀. Ó tẹ́ ọmọ sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ẹ̀wù. Ó bọ́ ọ̀kan, ó bọ́ èkejì, ó bọ́ ẹ̀kẹta. Nígbà tó dórí ẹ̀karùn-ún, ó dúró.

"Bàbá ọmọ, ṣé ọmọ lẹ gbé wá ni àbí àlùbọ́sà?"

Àwọn ìyá ọlọ́mọ rẹ́rìn-ín. Téèpù tẹ́wọ́ síwájú bí ọmọ ilé-ìwé.

"Ara rẹ̀ ló máa ń tutù, mà."

"Ta ló rán gbogbo èyí?"

"Èmi ni, mà."

Nọ́ọ̀sì yí inú ọ̀kan síta, ó wo ojú ìrán rẹ̀ títí. "Ìránṣọ yín dára. Ẹ ò jẹ́ kí òwú kankan kan ọmọ lára."

"Ẹ ṣé, mà."

"Mi ò tíì yìn yín." Ó gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, ó wo ìwé rẹ̀, ó tún wo ìwọ̀n. Ẹnu rẹ̀ rọ̀. "Ó ti fi ọgọ́rùn-ún gíráàmù dín sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tó kúrò níbí. Bó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì tí kò gba ọgọ́rùn-ún náà padà, a máa dá a padà sínú àpótí gíláàsì lókè."

Téèpù mọ àpótí náà. Ọjọ́ márùn-ún ló fi dúró lẹ́yìn gíláàsì, tó ń fi ojú gbé ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè gbé. Lọ́jọ́ kẹta, àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ rẹ̀ ṣófo láàárọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ibi tí ọmọ inú rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n ń ti ìyàwó rẹ̀ wọ wọ́ọ̀dù padà, ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ ẹ́: "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e padà síbẹ̀." Ó sì ti ní òun ò ní jẹ́ kí wọ́n gbé e padà.

"Ó ń jẹun, mà," ó wí. "Gbogbo bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ ni mo ń fún un."

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ télọ̀ ló yẹ kó mọ̀ pé aṣọ kì í dá ooru sílẹ̀. Ooru tó bá bá lára ló ń pa mọ́. Ọmọ tó kéré báyìí, ooru wo ló ní tí aṣọ fẹ́ bá a pa mọ́? Gbogbo mílíìkì tẹ́ ẹ ń fún un, ó ń fi dáná fún ara rẹ̀ ni. Kí ló máa wá fi sanra? Ta ló ń gbé e mọ́yà?"

"Inú apẹ̀rẹ̀ ló máa ń wà."

"Ṣé apẹ̀rẹ̀ ló bí i ni?"

Téèpù fi ìka han ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà, níbi tí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣì wà. "Píìnì ni, mà. Èmi ni mo ṣe é."

Nọ́ọ̀sì wo ilà náà. Ó wo àyà Téèpù. Àwọn píìnì wà níbẹ̀, wọ́n tò lọ rẹrẹẹrẹ bí ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ni wọ́n ń sọ. Télọ̀ tí kò gbé ọmọ nítorí píìnì kò sì rántí yọ píìnì. Àárẹ̀ lè sọ ọlọ́gbọ́n di báyẹn.

Nọ́ọ̀sì fa àwo irin kékeré kan síwájú rẹ̀. "Ẹ yọ wọ́n."

Ó yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlá ni, wọ́n sì ń dún nínú àwo bí òjò tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Ó kù kẹ́ ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì."

"Níbí?"

"Ṣé kí n bá yín kọ́ yàrá ni?"

Ìyá kan láti orí bẹ́ǹṣì ní, "Ayé mà yí o. Ẹni tó ń daṣọ bò wá ló fẹ́ bọ́ra sílẹ̀ fún wa." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí ṣẹ́ẹ̀tì kúrò lọ́rùn rẹ̀ tí eegun ìhà rẹ̀ yọ síta, ẹ̀rín náà lọ sílẹ̀. Àwọn obìnrin mọ ẹni tí kò rójú jẹun.

Nọ́ọ̀sì bọ́ ohun gbogbo lára ọmọ ku ìtẹ́dìí àti fìlà. Ó gbé e lé Téèpù láyà, ó yí ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè mí, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, ó sì fi aṣọ gígùn kan wé àwọn méjèèjì pọ̀. Ọwọ́ Téèpù ṣì wà lókè bí ẹni tí ọlọ́pàá ní kó má mira.

Ara ọmọ náà tutù bí aṣọ tí wọn ò sá gbẹ. Ohun tó kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn. Ohun kejì ni ọkàn ọmọ náà, tó ń sáré lórí eegun àyà rẹ̀ bí maṣíìnì tí wọ́n ń tẹ̀ láìsí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Kò mọ̀ pé ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́ kára tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀kan bo ìdí ọmọ, ọ̀kan bo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀yìn náà sì tán sábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ kan.

"Báyìí ni," nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ má gbé e sílẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ wẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ìtẹ́dìí."

"Iṣẹ́ ńkọ́, mà?"

"Iṣẹ́ wo ló tún ju èyí lọ?"

Ó rọrùn láti sọ fún ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ń bọ̀ bó ṣiṣẹ́ bó jókòó. Ṣùgbọ́n Téèpù kò sọ ọ́ síta.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Bọ́tìnnì bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Opó àgbàlagbà ni Ìyá Bọ́tìnnì, òun ló máa ń bá Téèpù fọwọ́ gán bọ́tìnnì tó sì ń dá ojú ihò rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi bí ọwọ́ rẹ̀ kì í ti í sinmi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo Téèpù níbi tó fẹ̀yìn tì lórí àga, ikùn rẹ̀ yọ gọnbu lábẹ́ aṣọ tó wé mọ́ra.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó dá ẹ̀mí mi sí," ó wí. "Ojú mi ti rí aboyún tó nírùngbọ̀n."

"Màmá, ẹ káàárọ̀."

"Oṣù mélòó lo wà?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé ó ti ń ṣe ẹ́ bíi kó o máa jẹ nǹkan kíkan?" Ó jókòó, ó fi òwú sẹ́nu abẹ́rẹ́. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó ní, "Jẹ́ kí n rí i." Téèpù ṣí etí aṣọ náà díẹ̀. Ìyá Bọ́tìnnì wò ó, kò sì ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ títí di ọ̀sán, èyí tó jẹ́ ìyanu kékeré ní ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Ohun tó ń da Téèpù láàmú ni yunifọ́ọ̀mù. Ọgọ́ta ni ilé-ìwé kan gbé fún un, àwọn ọmọ ilé-ìwé náà sì máa wọlé ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Méjìlélógún péré ló ti parí. Àwọn tó kù wà lórí tábìlì, wọ́n ti gé wọn tán, wọ́n ń wo ojú rẹ̀. Kò sì lè jókòó sídìí maṣíìnì: bó bá tẹ̀ síwájú, orí ọmọ ló máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́. Bó bá fà sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ kò dé ibi aṣọ. Oorun kò sí. Bó bá dijú, á tún là á láti mọ̀ bóyá ọmọ ṣì ń mí. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ọrùn ń dùn ún, òógùn àwọn méjèèjì sì ti pọ̀ di ọ̀kan. Kò tilẹ̀ rántí ìgbà tó yọ téèpù kúrò lọ́rùn.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́rú, ó ṣe ohun tó ti ń rò láti àárọ̀. Ìyá Bọ́tìnnì lọ ra òwú. Téèpù wọ ẹ̀wù méjèèje fún ọmọ, ó tẹ́ ẹ sínú apẹ̀rẹ̀, ó ní, "Wákàtí kan péré, Àlejò. Má bínú sí mi." Ó sì jókòó sídìí maṣíìnì. Kí Ọlọ́run má ṣe ka irú wákàtí bẹ́ẹ̀ sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ara rẹ̀ fúyẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ rántí iṣẹ́ rẹ̀, maṣíìnì ń kọrin. Ó parí síkẹ́ẹ̀tì méjì, ó fa ìkẹta sí i. Nígbà náà ló na ọwọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ.

Ó ti tutù. Àwọ̀ ètè rẹ̀ ti ṣì, kò sì sunkún. Èyí tí kò sunkún yẹn ló ba Téèpù lẹ́rù jù. Ó fa ẹ̀wù méje já kúrò lára ọmọ, òwú tó fi sùúrù gán ń já lọ́tùn-ún lósì, ó sì gbé e mọ́yà. Ó ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí tábìlì, láti ìdí tábìlì dé ẹnu ọ̀nà. Ó pẹ́. Ó pẹ́ ju wákàtí tó fi ránṣọ lọ, kí ẹsẹ̀ kékeré náà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i níkùn.

Orí ìrìn yẹn ni ọ̀gá ilé-ìwé náà bá a. Obìnrin gíga kan ni, tó máa ń kan ilẹ̀kùn tó ti ṣí sílẹ̀.

"Téèpù, àwọn aṣọ mi dà?"

"Méjìlélógún ló ti parí, mà. Síkẹ́ẹ̀tì méjì lé e."

"Ìyókù ńkọ́?"

Ó wo àwọn aṣọ lórí tábìlì. Ó ti fẹ́ sọ pé yóò parí wọn. Ẹnu rẹ̀ ti mọ́ ọn, gbogbo télọ̀ ló mọ bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ náà gba agbára, agbára kò sì sí.

"Ẹ bá mi kó wọn lọ fún Ọ̀gá Síìpù lódìkejì títì, mà. Mi ò ní lè parí wọn."

Ọ̀gá Síìpù ni télọ̀ kan tó ń fi síìpù sí gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé fún un, títí kan ibi tí kò nílò ẹnu ọ̀nà. Ọdún mẹ́rin ló ti ń fẹ́ gba ilé-ìwé yìí mọ́ Téèpù lọ́wọ́.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?" obìnrin náà bi í. "Bí mo bá kó o kúrò níbí, mi ò mọ̀ bí màá kó o padà."

"Ó dá mi lójú, mà."

Kì í ṣe ìgboyà. Ìgbà mìíràn wà tí àárẹ̀ máa ń ṣe iṣẹ́ tí ìgboyà ń sá fún. Obìnrin náà kó aṣọ sínú àpò, kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà sẹ́yìn. "Fìlà rẹ̀ ti yọ," ó wí, ó sì fi ìka méjì fà á bo etí ọmọ náà kó tó lọ.

Ìyá Bọ́tìnnì dé, ó bá tábìlì ní òfìfo. Kò béèrè. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ìrẹsì wá láti ilé, ó sì ń fi ṣíbí fún Téèpù jẹ, kí ọbẹ̀ má baà kán sórí ọmọ.

"Ya ẹnu dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún àwọn tèmi, wọ́n dàgbà tán, wọn ò wá wò mí."

"Wọ́n á wá, Màmá."

"Wóró kan ti bọ́ sí i lórí."

"Ẹ bá mi mú un."

"Mo ti jẹ ẹ́."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Téèpù wà lórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n tó ṣí kílíníìkì. Kò gbé apẹ̀rẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, atẹ́gùn kọlu ibi tó ṣófo láyà rẹ̀, ó sì fọwọ́ bò ó bí ẹni tí wọ́n yọ lápò. Kò lè wo ìwọ̀n. Bàtà nọ́ọ̀sì ló ń wò.

"Ọgọ́rùn-ún ni mo ní kó mú wá," nọ́ọ̀sì wí. "Ọgọ́fà ló mú wá. Ó fi ogún ṣe èénì fún mi."

Téèpù jókòó. Kò sẹ́ni tó ní kó jókòó.

"Kò ní lọ sókè?"

"Kí ló fẹ́ lọ ṣe lókè?"

"Ṣé mo lè máa gbé e sílẹ̀ báyìí, mà? Díẹ̀díẹ̀."

"Rárá. Ó dìgbà tó bá fúnra rẹ̀ kọ̀ yín. Ẹ ó rí i tí á máa ta ẹsẹ̀, tí á fẹ́ jáde."

"Tó bíi ìgbà wo nìyẹn?"

"Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó lè tó mẹ́rin."

Téèpù mí kanlẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì ń ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́kàn, àwọn nǹkan méjèèjì kò sì dí ara wọn lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì tún ọmọ wé mọ́ ọn láyà. Ó ṣí àpótí tábìlì, ó mú bébà kékeré kan tí wọ́n ká jáde. "Ẹrù yín rèé." Píìnì mọ́kànlá náà ni. Téèpù kì wọ́n bọ àpò ẹ̀yìn sókòtò rẹ̀.

Ibà ìyàwó rẹ̀ ti lọ. Wọ́n ti gbà kó máa jáde jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní iwájú wọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ló sì wà lórí bẹ́ǹṣì kan, ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rí ọkọ rẹ̀ tó ń bọ̀ láti òkèèrè, tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, gọnbu lókè, kò sì kọ́kọ́ dá a mọ̀.

"Ọmọ dà?" ó bi í.

Téèpù ṣí etí aṣọ. Ìyàwó rẹ̀ wo ọmọ, ó wo àyà ọkọ rẹ̀, bó ti wò ó lọ́jọ́ kìíní. Àyà náà kò ní ṣẹ́ẹ̀tì, kò ní píìnì. Àmì etí ọmọ ló wà lára rẹ̀, pupa róbótó.

"Ọgọ́fà gíráàmù," Téèpù wí. "Wọn ò ní gbé e padà."

Ìyàwó rẹ̀ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ lórí egbò rẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ lu àyè tó ṣẹ́ kù lórí bẹ́ǹṣì. Téèpù jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ méjì.

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó pa ètè pọ̀, omi lé sí i lójú, ṣùgbọ́n kò mira.

"Kí ló ṣe yín?" ìyàwó rẹ̀ wí.

"Píìnì ni," ó wí jẹ́jẹ́.

"Níbo?"

"Níbi tí mo jókòó lé. Mo rò pé ó ju ẹyọ kan lọ."

Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó sì di egbò mú, nítorí ẹ̀rín náà ń dùn ún, kò sì lè dá a dúró. Ìyá rẹ̀ ti na ọwọ́ sí Téèpù láti fà á dìde. "Dìde, bàbá ọmọ, jẹ́ kí n bá ẹ yọ ọ́."

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná, Màmá," Téèpù wí. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni."